Iná Tó Bí Ìdè: Iṣẹ́ Ọwọ́ Ìlẹ̀kẹ̀ Gíláàsì láti Ilé-Ifẹ̀ dé Bídà

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún Ifá, Ẹ̀dá-Oníyọ̀

  

Ẹni tó bá wo ọrùn-ọwọ́ òsì àwọn tó pé jọ síbi ọdún yìí yóò rí ìdè níbẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ méjì, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n sín pọ̀ sórí okùn kan. Ìdè ni àmì ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ìgbàgbọ́ àwọn onífá ni pé Ikú máa ń dá ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀, á sì yà fún un títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ìgbàgbọ́ yìí bá àwọn ẹrú rékọjá òkun. Ní Kúbà títí di òní, ìdè àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféèfèé ni babaláwo ń so mọ́ ọwọ́ ọmọ awo. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ìdè wọ̀nyí, bí àwọ̀ wọn tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Àwọn onífá mọ ẹni tó fi ìdè sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti odù tó jáde lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kì í sábà rí ìdáhùn: ta ni ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjà ni wọ́n ti rà á, ọlọ́jà rà á lọ́wọ́ alágbàtà, alágbàtà sì gbà á láti ilẹ̀ òkèèrè. Ilẹ̀ àwọn Czech, Íńdíà àti Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lọ́jà lónìí ti ń wá. Òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe gíláàsì rárá, ike lásán ni. Kò sí ẹ̀gàn nínú ríra nǹkan lọ́jà. Àwọn baba ńlá náà ra, wọ́n sì tà. Àmọ́ ó yẹ kí ọmọ awo mọ̀ pé nígbà kan rí, ilẹ̀ Yorùbá kì í ra ìlẹ̀kẹ̀ nìkan. Ó ń fi iyanrìn àti iná bí i.

Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní àríwá ìlú náà ni igbó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Igbó Olókun, ti Olókun tó ni omi tó sì ni ọrọ̀. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ifẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ níbẹ̀ tí gíláàsì dídán ti gbẹ mọ́ inú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ ni pé àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ gíláàsì tí àwọn oníṣòwò gbé wá láti Lárúbáwá tàbí Yúróòpù ni, pé wọn kò lè dá gíláàsì ṣe fúnra wọn.

Àyẹ̀wò ohun tó wà nínú gíláàsì náà ni ó yanjú ọ̀rọ̀. Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2006 pé gíláàsì Ifẹ̀ kò jọ ti Yúróòpù, kò sì jọ ti Lárúbáwá. Èròjà ẹfun òkúta àti èròjà amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ti yẹ kó rí nínú gíláàsì òkèèrè lọ. Èyí bá ilẹ̀ àti òkúta agbègbè Ifẹ̀ mu. Lẹ́yìn èyí ni Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ ni wọ́n rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì tó ju 800 lọ àti ìdàrọ́ gíláàsì lóríṣiríṣi. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ níbẹ̀. Irú gíláàsì yìí kan náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ní Gao ní ilẹ̀ Mali, ní bèbè aṣálẹ̀. Nígbà náà, Ifẹ̀ ni ó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ fún ayé.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Iyanrìn kì í yọ́ nínú iná ìdáná. Ìléru tí ooru rẹ̀ ju 1,000 lọ ní ìwọ̀n Celsius ló ń mú un. Amọ̀ tí wọn yóò fi mọ ìkòkò rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ́ kí iyanrìn tó yọ́, kò sì gbọdọ̀ sán nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde. Bí ohun inú ìkòkò bá ti ń fà bí oyin, oníṣẹ́ yóò fà á gùn títí yóò fi di ọ̀pá tín-ín-rín oníhò. Wọn yóò gé ọ̀pá náà wẹ́wẹ́, wọn yóò sì tún fi iná rà á kí etí rẹ̀ má baà gé okùn. Bí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀ aró, òkúta kan tó ń mú gíláàsì dúdú bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò pò mọ́ ọn. Ẹni tó mọ gbogbo èyí kì í ṣe ẹni tó kàn ń gbìyànjú wò. Ó ti kọ́ṣẹ́, ó ti fọ́ ìkòkò, ó ti jóná lọ́wọ́, ó sì ti tún un ṣe.

Àwọn ère Ifẹ̀ fi hàn bí iyì ìlẹ̀kẹ̀ ti tó. Ère idẹ ọba tí àwọn òṣìṣẹ́ hú jáde ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957 wọ ìlẹ̀kẹ̀ láti orí dé ọrùn-ẹsẹ̀. Títí di òní, kò sí ọba aládé ní Èkìtì tí ìlẹ̀kẹ̀ kò bo adé rẹ̀, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sì ni ìlú tí òkìkí àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sára adé rẹ̀ ti kàn jù lọ.

Kí wá ni ó pa iná Igbó Olókun? Iṣẹ́ náà kò parí lọ́jọ́ kan. Akínwùmí Ògúndìran àti Akin Ige tún rí ẹ̀rí iṣẹ́ gíláàsì ní Òṣogbo àtijọ́, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ń já ìlẹ̀kẹ̀ Fẹ́nísì àti Bohemia sílẹ̀ ní etíkun, tí ogun àti òwò ẹrú sì ń tú ìlú ká, ìyọ́-iyanrìn kò tún pọn dandan fún ẹni tó fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó yá, ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ń wú jáde nínú ilẹ̀ Igbó Olókun láti tà. Ibi tí baba ti ń ṣe é ni ọmọ ti ń wá a kiri nínú erùpẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kò parí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìmọ̀ bí a ṣe ń bí i ni kò dé ọwọ́ ìran tó tẹ̀ lé e.

Bí ènìyàn bá na okùn láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Bídà, ẹ̀bá àríwá Èkìtì níhìn-ín ni okùn náà yóò gbà kọjá. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kan Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ní pàtàkì. Ní ìgbẹ̀yìn ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun ni àwọn ará ìhà yìí mọ orúkọ Bídà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà ní Bídà tí ogun kò jẹ́ kí a rí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ gíláàsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Masaga, iná wọn kò sì kú. Wọ́n ń jókòó yí ìléru amọ̀ ká. Ẹnì kan ń fín ẹwìrì, àwọn yòókù ń fi ọ̀pá irin wé gíláàsì gbígbóná, wọ́n ń yí i títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀gbà ọwọ́. Ní ayé àtijọ́, àwọn náà ń yọ́ gíláàsì dúdú kan tí wọ́n ń pè ní bikini. Lóde òní, ìgò ni wọ́n ń yọ́ jù.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ní Odumase ní ilẹ̀ Ghánà, àwọn Krobo ń gba ọ̀nà mìíràn tó rọrùn jù. Wọ́n ń gún ìgò nínú odó irin títí yóò fi di ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń jọ̀ ọ́. Wọ́n ń fi ẹfun pa inú àwo amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí, kí gíláàsì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń da ìyẹ̀fun náà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ki ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀. Nínú ìléru tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ọ̀pá ewé á jóná, ihò okùn á sì kù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi omi àti iyanrìn ra ìlẹ̀kẹ̀ náà lórí òkúta títí yóò fi dán. Ẹfun, amọ̀, ẹ̀gẹ́, òkúta àti omi: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò sí ní Èkìtì.

Àwọ̀ ńkọ́? Ìgò tí wọ́n ń kó dà sí ààtàn lẹ́yìn àríyá gbogbo, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọ̀ méjèèjì tí ìdè Ifá ń fẹ́ nìyẹn, ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ náà ní èèwọ̀ tirẹ̀ tí àwọn tó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ pa mọ́. Wọn kò gbọdọ̀ po ìyẹ̀fun ìgò tó yàtọ̀ síra pọ̀ sínú ìlẹ̀kẹ̀ kan, nítorí bí wọ́n ṣe ń súnkì nígbà tí wọ́n bá ń tutù kò dọ́gba. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sán. Wọn kò gbọdọ̀ gbé ìlẹ̀kẹ̀ gbígbóná sínú afẹ́fẹ́ tútù. Nínú eérú gbígbóná tàbí nínú ìléru tó ń kú lọ ni kó ti máa tutù díẹ̀díẹ̀. Eruku gíláàsì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà ẹni tó ń gún un gbọ́dọ̀ bo imú àti ojú.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá ìgò ọtí tó iyì láti di ìdè. Àwọn àgbà awo ló ni ìdájọ́ yẹn, Ifá ni wọn yóò sì bi. Àmọ́ àwọn náà mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ilé-iṣẹ́ òkèèrè dé kò dé pẹ̀lú àṣẹ. Ewé àti ètùtù tí awo ṣe sí i ni ó sọ ọ́ di ìdè. Bí ètùtù bá lè sọ ìlẹ̀kẹ̀ àjèjì di ti Ọ̀rúnmìlà, kò yẹ kó nira láti gba èyí tí ọmọ ìlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tó fín iná rẹ̀.

Fún àlejò tó fẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́dún yìí, kó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gíláàsì máa ń tutù, ó máa ń wúwo, ó sì máa ń dún kekere bí ó bá kan eyín. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá tó ní láti inú ilẹ̀ Ifẹ̀ ni òun ti wú u, kí àlejò má rà á. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gba irú òwò bẹ́ẹ̀ láàyè, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sì sọnù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ojú-ewé kan tó ya kúrò nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà tán.

Fún àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀dá-Oníyọ̀ àti agbègbè rẹ̀, Bídà kò jìnnà mọ́. Ọ̀nà tí ẹlẹ́ṣin ogun gbà wá lánàá ni ọmọ-iṣẹ́ lè gbà lọ lónìí. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó bá fi sùúrù jókòó ti ìléru Masaga, tí wọ́n sì padà wá mọ ìléru kékeré kan sílé, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ lè wọ́, ihò rẹ̀ lè má dọ́gba. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí ìdè pẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́. Kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ tí yóò ṣe òmíràn dìde láàrin àwọn ọmọ tó ń jó lójú agbo yìí. Àṣẹ.