Ohun tí Òkúta Ń Sọ: Ìwé Ara Òkúta Àwọn Ará Gíríìkì àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Challenge, Ìlọrin)

Nígbà tí akọ̀wé Ẹgbẹ́ bèèrè lọ́wọ́ wa ohun tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tí a sì dáhùn pé ìwé tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ fín sí ara òkúta ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kí ni ti ará Ìlọrin nínú òkúta Gíríìkì?" Ìbéèrè rere ni. Gbogbo ohun tí a ó sọ nísinsìnyí, ìdáhùn sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀ ná. Ní Èsìẹ́, ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ wa yìí, ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ ni ó wà. Àwọn àgbà Èsìẹ́ ní, nígbà tí àwọn baba wọn tẹ ibẹ̀ dó, ńṣe ni wọ́n bá àwọn ère náà níbẹ̀. Ní 1933, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. kan, Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, rí wọn, ó sì ròyìn wọn fún ayé. Ní 1945 a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá débẹ̀ yóò rí ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jókòó tọlá-tọlá lórí àpótí, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n? Ta ni ó gbẹ́ wọn? Ní ọdún wo? Nínú gbogbo ère náà, kò sí ọ̀kan tí a kọ orúkọ sí. Ọlá wọn hàn, orúkọ wọn sọnù.

Ẹ fi èyí sí ọkàn, kí a sì kọjá sí ilẹ̀ Gíríìkì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ nífẹ̀ẹ́ láti fín ọ̀rọ̀ sí òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí a ti rí nínú ìwé ara òkúta wọn fi ju 100,000 lọ. Wọ́n fín òfin, wọ́n fín àdéhùn láàrin ìlú àti ìlú, wọ́n fín ìṣirò owó, wọ́n fín orúkọ àwọn tí ogun pa, wọ́n sì fín ọ̀rọ̀ ìdárò sí ojú oórì àwọn ọmọ wọn.

A ó mú ọ̀kan yẹ̀ wò dáadáa. Ní erékùṣù Kírétè, ìlú kan wà tí à ń pè ní Gortyn. Ní 1884, ọmọ Ítálì kan, Federico Halbherr, rí ògiri òkúta kan níbẹ̀, ní ojú omi tí a là fún ọlọ. Òfin ìlú ni a fín sí ara ògiri náà ní nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Jésù. Abala rẹ̀ jẹ́ 12, ìlà rẹ̀ sì tó nǹkan bí 600. Bí a ti kọ ọ́ pàápàá yani lẹ́nu. Ìlà kan ti ọ̀tún lọ sí òsì; èyí tí ó tẹ̀lé e ti òsì padà sí ọ̀tún; bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé ìsàlẹ̀, bí àgbẹ̀ tí ó kọ ebè dé òpin oko, tí kò rìn padà lásán, ṣùgbọ́n tí ó yí ojú padà níbẹ̀ tí ó sì ń kọ òmíràn bọ̀. Ní Ìlọrin, níbi tí ọmọ ilé-kéú ti ń kàwé láti ọ̀tún, tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gẹ̀ẹ́sì sì ń kàwé láti òsì, àwa ni ó yẹ kí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ má ṣàjèjì sí.

Kí ni òfin náà sọ? Ó sọ bí a ó ti pín ogún. Àwọn ọmọkùnrin ni yóò ni àwọn ilé tí ó wà láàrin ìlú. Nínú ohun ìní yòókù, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín méjì, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín kan. Mélòó nínú wa ni kò tíì jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí ọ̀rọ̀ bí irú èyí ti dá ìjà sílẹ̀? Ó tún sọ pé bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ohun tí obìnrin náà mú wá láti ilé rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ìdajì èso ohun ìní rẹ̀, tirẹ̀ ni. Àti ìdajì aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun nínú ilé náà, tirẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ ni ó fa ìkọ̀sílẹ̀ náà, ọkọ yóò san owó lé e.

Ẹ kíyèsí i. Àwọn ìwé ńlá ilẹ̀ Gíríìkì tí a fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, ọba àti jagunjagun ni wọ́n ń ròyìn. Ògiri yìí ni ó sọ fún wa nípa obìnrin ahunṣọ kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, pé ìdajì aṣọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú gbangba ni a sì fín in sí, kí àwọn ìran tí ń bọ̀ lè rí i, kí ó sì ṣòro fún adájọ́ láti pa ọ̀rọ̀ dà.

Òkúta a sì máa sọ ohun tí òpìtàn pa mọ́. Ní ọdún 454 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Áténì kó àpò owó tí àwọn àti àwọn ìlú ọ̀rẹ́ wọn jùmọ̀ ní wá sí ìlú tiwọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fín orúkọ ìlú tí ó san owó sí ara òkúta, àti ìdá kan nínú 60 tí wọ́n yọ fún Átẹ́nà, òrìṣà wọn. Owó ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wá di ìṣákọ́lẹ̀. Ní ọdún 425, wọ́n fi kún un ju ìlọ́po méjì lọ. Thucydides, tí ó kọ ìtàn ogun ìgbà náà, ọmọ Áténì ni, ó sì wà láàyè nígbà náà. Síbẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àfikún yìí. Òkúta ni ó jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n a kì yóò tàn yín jẹ. Ẹni tí ó sanwó fún agbẹ́kùúta ni òkúta ń gbè lẹ́yìn. Òkúta Áténì kò sọ bí ebi ti pa àgbẹ̀ tí ó san ìṣákọ́lẹ̀ náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni àwọn amòye fi ń gbé òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, tí wọ́n sì ń gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun ìlú òkèèrè nìkan ni èyí. Odò Ọya tí ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà, ní òkè rẹ̀ lọ́hùn-ún, ní orílẹ̀-èdè Málì, ìlú Gao wà ní etí rẹ̀. Ní 1939, a rí àwọn òkúta ojú oórì kan lẹ́bàá Gao, tí a fi èdè Lárúbáwá fín ọ̀rọ̀ sí lára. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ òkúta funfun dídán tí a gbẹ́ ní Almería, ní ilẹ̀ Sípéènì, tí a sì gbé la aṣálẹ̀ já wá sí ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọba kan tí ń jẹ́ Abu Abdullah Muhammad, ẹni tí ó kú ní ọdún 494 Híjírà, èyí tí í ṣe 1100. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí a kọ oyè ọbabìnrin sí òkúta wọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Timbuktu kọ ìwé ìtàn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, wọ́n sì to orúkọ àwọn ọba Gao lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ tí ó wà lára òkúta àti orúkọ tí ó wà nínú ìwé wọn kò bára mu. Ọmọ ilẹ̀ Brazil kan, P. F. de Moraes Farias, kó ìwé ara òkúta Málì jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 2003. Ó fi yé wa pé àwọn òpìtàn Timbuktu kò kàn ṣe àkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ nìkan. Wọ́n tò ó bí yóò ti wúlò fún ìjọba ìgbà tiwọn. Bí kò bá sí òkúta ni, ta ni ìbá mọ̀?

Nísinsìnyí a padà dé ilé. Àwọn baba wa kì í ṣe òpè. Oríkì sọ ìwà ènìyàn fún wa ju bí òkúta ti lè sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n oríkì kì í sábà sọ ọdún. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn dúró gbọnin ní Ilé-Ifẹ̀, a sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n a kò fín ọ̀rọ̀ kankan sí i. Àwọn tí ó kọ̀wé láàrin wa ṣe é tọkàntọkàn: ní 1912, ọ̀mọ̀wé Ìlọrin kan, Ahmad ọmọ Abu Bakr, fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn Ẹ́mírì ìlú yìí. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán sí ìlú òyìnbó, Johnson sì kú ní 1901. Bí kì í bá ṣe pé àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921, òfo ni ìbá jẹ́. Òjò ń pa ìwé, ikán ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ará, ó ku ẹ̀bi kan tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ àlùfáà, a wà ní ìlú kékeré kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, símẹ́ǹtì kan wà tí a ti fi ìṣó kọ orúkọ sí nígbà tí ó tutù: orúkọ àwọn mẹ́rìnlá tí wọ́n kọ́ ilé náà, àti ẹni tí ó fún wọn ní ilẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ fẹ ilé náà sí i, àwọn bíríkìlà bi wá pé kí ni kí àwọn fi símẹ́ǹtì náà ṣe. A ní kí wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n dà á sínú ìpìlẹ̀. A kò tilẹ̀ fi bébà da orúkọ kan kọ.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọkùnrin kan wá bá wa ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ìdílé méjì ń du ilẹ̀ tí ó yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká. Ó ní ìyá bàbá òun ni ó fún ìjọ ní ilẹ̀, ó sì gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ wà lára símẹ́ǹtì. Ó bi wá bóyá a rántí. A rántí pé orúkọ obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó fi Ẹ̀fún bẹ̀rẹ̀. Ìyókù, a kò lè búra sí i. Ẹjọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò bá wa wí. Ó kàn dìde, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ọpẹ́ náà dùn wá ju èébú lọ.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí. Kí a yan ènìyàn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa da gbogbo ìwé ara òkúta àti ara símẹ́ǹtì kọ: ìpìlẹ̀ mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu kànga, orúkọ àti ọdún tí àwọn baba wa yọ sí iwájú òkè ilé wọn. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ kí a kọ ohunkóhun sí ojú oórì. A bọ̀wọ̀ fún èyí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá mú wọn. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá tàn gba ẹ̀gbẹ́, nítorí òjìji ni yóò gbé lẹ́tà tí ó ti parẹ́ jáde. Àwọn amòye Gíríìkì a máa fi bébà tútù lé òkúta, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì lù ú wọnú lẹ́tà, bí ó bá gbẹ, ohun tí a fín yóò wà lára bébà náà. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ha òkúta láti fọ̀ ọ́. Ẹ bi àwọn àgbà pé ta ni àwọn tí a kọ orúkọ wọn, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbi mẹ́ta, kí iná kan má baà jó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè wa, a bẹ̀ yín kí ẹ pàṣẹ pé a kì yóò wó ilé àtijọ́ kankan kí a tó da ohun tí a kọ sí i kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ṣetán fún iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó kan ará Ìlọrin nínú òkúta Gíríìkì nìyí. Obìnrin ahunṣọ Gortyn ti kú láti nǹkan bí 2,400 ọdún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì wà lára ògiri síbẹ̀. Obìnrin tí ó fún ìjọ Ọlọ́run ní ilẹ̀ ní ìran bàbá wa, a ti fọ́ orúkọ rẹ̀ sínú ìpìlẹ̀. Bí a kò bá ṣọ́ra, àwọn ọmọ wa yóò wò wá bí àwa ti ń wo ère Èsìẹ́: wọn yóò yìn wá, ṣùgbọ́n wọn kì yóò mọ̀ wá.

Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí.