Kí Owó Ọkọ̀ Má Ju Owó Ọjà Lọ

 

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà kan rí wà ní London báyìí. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n lọ sí Bọ́mà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Dífíṣọ̀n 81, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, fi ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù kan tí ó gùn ju 70 máìlì lọ, la àárín òkè àti igbó kọjá, wọ àfonífojì Kaladan. West African Way ni wọ́n sọ ọ̀nà náà. Bàbá àgbà yìí kò yé sọ̀rọ̀ nípa jíìpù títí ó fi kú.

Nítorí ìdí èyí ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ra jíìpù Willys kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1943. Ọkọ̀ náà kò lè rìn. Tánkì epo ti jẹrà, gíábọ́ọ̀sì ti fọ́, irin ìjókòó sì ti sọnù. Ó rí wọn rà ní Amẹ́ríkà. Tánkì ni ó kọ́kọ́ rà. Ẹni tí ó bá a kó o wọ ọkọ̀ ojú omi dá owó kékeré kan lé e, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù gúnlẹ̀, wọ́n tún ka owó mìíràn sí i lọ́rùn: owó ìtú ẹrù, owó ìwé, owó ìpamọ́. Nígbà tí yóò fi gbé tánkì dé ilé, owó ọkọ̀ ti ju owó ọjà lọ. Ó wá kọ̀wé sí mi pé, “Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ṣé kí n kúkú ta jíìpù náà ni?”

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, ohun tí mo sì kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe rò pé ti oníjíìpù nìkan ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kó ẹrù tókunbọ̀ kọjá òkun, ìṣirò kan náà ni yóò ṣe.

Ohun èkíní ni pé àyè ni ọlọ́kọ̀ ń tà. Ẹni tí ó bá gbé agbọ̀n òfìfo wọ inú ọkọ̀ akérò yóò san owó àyè tí agbọ̀n gbà, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú àpótí kan tí ó gùn ní 110 sẹ̀ǹtímítà, tí ó fẹ̀ ní 60, tí ó sì ga ní 50. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 330,000. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú a máa fi 6,000 pín in, àwọn mìíràn a fi 5,000 pín in. Èyí ni pé bí ẹrù inú rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ju kílò 12 lọ, owó kílò 55 tàbí 66 ni wọn yóò gbà.

Ti ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀. Kùbíkì mítà 1 ni wọ́n fi ń díwọ̀n, tàbí tọ́ọ̀nù 1, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Àpótí wa yìí jẹ́ kùbíkì mítà 0.33. Ìyẹn ni pé ó lè wúwo tó kílò 330 kí owó ọkọ̀ rẹ̀ tó lé rárá. Ẹ wá rí i pé ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀rẹ́ irin tí ó wúwo. Nítorí náà, kí á to gíábọ́ọ̀sì sí ìsàlẹ̀, kí á dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí, kí á wá kó nǹkan wẹ́wẹ́ sí gbogbo àlàfo tí ó kù. Ẹ̀yà kékeré bíi kàbúrétọ̀ nìkan ni kí á fi sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìfìwéránṣẹ́ ojú omi láti Amẹ́ríkà mọ́, nítorí wọ́n ti fòpin sí i ní ọdún 2007.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1941 sí 1945, jíìpù tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lé ní 600,000. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n dì sínú àpótí igi. Wọ́n a yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n a ká gíláàsì iwájú rẹ̀ lulẹ̀, kí ó má baà gba àyè nínú ọkọ̀. Bí Ìjọba Amẹ́ríkà bá lè ṣọ́ àyè lò nígbà ogun, kí ni yóò mú kí àwa má ṣe é?

Ohun èkejì ni àjọṣe. Àwọn tí ń kó ẹrù ojú omi a sábà máa gba owó kùbíkì mítà 1 ó kéré tán. Ẹni tí ó bá dá gbé àpótí 0.33 lọ yóò san owó àyè tí kò lò. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá pa àpótí wọn pọ̀ lábẹ́ ìwé kan, 0.99 ni gbogbo rẹ̀, olúkúlùkù yóò sì san ìdá kan nínú mẹ́ta, àti owó ìwé pẹ̀lú. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ohun ẹ̀kẹta ni àpótí fúnra rẹ̀. Nítorí kòkòrò tí ń jẹ igi, òfin àwọn orílẹ̀-èdè ni pé kí pákó àpótí ti gba ooru 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30, títí dé inú, kí ó sì ní òǹtẹ̀ tí a ya ṣírí àlìkámà sí. Àpótí tí kò ní òǹtẹ̀ yìí, wọ́n lè dá a padà tàbí kí wọ́n sun ún, olówó rẹ̀ ni yóò sì san án. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà, kí ó lo pílàìwúùdù, nítorí gọ́ọ̀mù àti ooru ni wọ́n fi ṣe é, òfin náà kò dè é.

Ohun ẹ̀kẹrin, ẹ ro epo kúrò nínú gíábọ́ọ̀sì àti tánkì, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n má baà kà á sí ẹrù eléwu. Ẹ má ra ìbòrí búrẹ́kì àtijọ́ láti òkèèrè. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, a sì ti fòfin dè é ní Ìlú Ọba láti ọdún 1999, àti ní Ọsirélíà láti òpin ọdún 2003. Ẹ̀yà tí ó bá sì jẹ mọ́ ìbọn, ẹ béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó sanwó.

Ohun karùn-ún ni èyí tí ó mú ọmọ mi yìí. Kí á má béèrè owó ọkọ̀ nìkan. Kí á ní kí wọ́n kọ gbogbo owó sílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó tà á dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó rà á. Ní Ìlú Ọba, aṣọ́bodè a máa ka owó ọkọ̀ mọ́ owó ọjà kí ó tó ṣírò owó orí, nítorí náà owó ọkọ̀ tí ó wọ́n ń bí owó mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí parọ́ iye tí ó ra ọjà. Bí àṣírí bá tú, ẹrù lè lọ pátápátá.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé kí á kọ́kọ́ wo ìtòsí. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé-iṣẹ́ Hotchkiss gba àṣẹ láti ṣe irú jíìpù yìí títí di ọdún 1966, èyí tí wọ́n pè ní M201. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ bá ti Willys mu. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ohun tí ó jẹ mọ́ iná, nítorí fóòtì 6 ni ti Willys, ọ̀pọ̀ M201 sì ń lo 24.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí i. Èsì rẹ̀ ti dé. Ó rí gíábọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Faransé. Ní ti irin ìjókòó, òun àti àwọn oníjíìpù méjì mìíràn ti pa ẹrù wọn pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ní òǹtẹ̀ wà lára àpótí wọn. Bí mo ti ń kọ èyí, ẹrù náà ṣì wà lójú òkun. Kò ta jíìpù náà mọ́.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run mú ẹrù oníkálukú gúnlẹ̀ láyọ̀.