Ewéko Omi Gidi àti Èyí Tí Wọ́n Kàn Rì Sómi

Àwa tí a ń sin ẹja sínú gíláàsì ní pálọ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹni tó ti ra ewéko olówó gọbọi rí, tó sì jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá ewéko kan nínú omi, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ yí i ká, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ta ni yóò ní kì í ṣe ewéko omi? Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n rì í síbẹ̀. Ewéko ilẹ̀ kì í tètè kú lábẹ́ omi. Oúnjẹ tó ti kó pa mọ́ sára ni yóò máa jẹ, àwọn mìíràn a sì lo oṣù mélòó kan kí ewé wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà náà, ẹni tó tà á fún yín ti gbàgbé yín, ẹ̀yin ni ẹ ó máa pààrọ̀ omi kiri.

Ẹ jẹ́ ká mú lucky bamboo, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń lọ́, tó kún orí tábìlì ọ́fíìsì káàkiri. Kì í ṣe ọparun rárá. Ẹbí pèrègún ni, Dracaena sanderiana ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, agbègbè Kamẹrúùnù ló sì ti wá. Ta ló rí pèrègún rí ní ìsàlẹ̀ odò? Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà nínú omi, tí ewé rẹ̀ yọ síta, kò séwu. Bí ẹ bá rì í pátápátá, ẹ ti sin ín láàyè nìyẹn. Bákan náà ni peace lily, spider plant àti mondo grass, tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ewéko omi.

Ohun tó ń pa wọ́n ni pé ìda bo ewé ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ, àwọn ihò tíntìntín ló sì fi ń mí. Lábẹ́ omi, ìda yẹn di ògiri. Carbon dioxide tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ, bó bá ń rìn nínú omi, ó lọ́ra tó ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ewéko omi ti múra dè é: ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ti elodea kò ju ìpele sẹ́ẹ̀lì méjì lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, igi rẹ̀ sì rọ̀, nítorí omi ló ń gbé e dúró.

Nítorí náà, ẹ ní kí ọlọ́jà fà á jáde nínú omi kí ẹ tó sanwó. Bó bá rọ̀ wọ̀jọ̀ lé yín lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Bó bá nàró gan-an bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹ fura. Bí omi bá ń yí róbótó-róbótó lórí ewé rẹ̀ bíi ti ewé kókò, ìda ló wà níbẹ̀. Èyí tó ní ilà funfun lára, èmi ò jẹ́ rà á láìbéèrè orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewéko kan wà, Anubias, tí kì í tẹ̀ lé òfin yìí. Ewé rẹ̀ nípọn, ó le, ó ń nàró níta omi, síbẹ̀ ó lè gbé abẹ́ omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí òkúta àti ìtì igi létí odò ló ń gbé ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, odò sì máa ń kún bò ó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, Anubias barteri, orúkọ Charles Barter ló ń jẹ́, onímọ̀ ewéko tó bá ikọ̀ olùṣàwárí Baikie wá sí Odò Ọya ní 1857. Lónìí, Denmark àti Singapore wà lára àwọn tó ń gbìn ín tà fún aráyé, ó sì ń dùn mí. Bí ẹ bá rà á, ẹ so ó mọ́ òkúta. Ẹ má ri igi rẹ̀ tó nà gbalaja mọ́ iyẹ̀pẹ̀, yóò jẹrà.

Àwọn ojúlówó mìíràn náà lè dẹ́rù bani. Ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń tọ́ Amazon sword àti Cryptocoryne dàgbà lóko, nítorí náà, bí wọ́n bá wọ omi yín, ewé àtijọ́ a rẹ̀. Ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ wo àárín gbùngbùn rẹ̀: bí ewé tuntun tó fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ bá ń yọ, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ewé tó ti rà nìkan ni kí ẹ gé, torí ìjẹrà ń mú ammonia jáde, májèlé sì ni fún ẹja.

Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó, òṣíbàtà àti ojúoró wà lódò wa, ojúlówó ni àwọn méjèèjì. Òṣíbàtà, Nymphaea lotus, náà ni tiger lotus tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi. Ẹ kàn fi wọ́n sínú báàkẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì ṣa ìgbín àti ẹyin rẹ̀ kúrò, nítorí ìgbín odò mìíràn ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ojúoró máa ń pọ̀ kíákíá. Èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ sá a sórí ilẹ̀ kó gbẹ, ẹ má dà á sí gọ́tà.