Ohun Tí Ara Kọ̀: Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì lórí Awọ Ara àti Ẹ̀sùn Tí A Fi Kan Aládùúgbò

Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn tí ó wà láàárín wa, nítorí pé inú oko wọn ni mo fẹ́ wọ̀ lónìí. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe dókítà tí ń wo aláìsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà èwe. Inú ìwádìí sáyẹ́ǹsì ni mo ti rí ìdáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kan iṣẹ́ tiwa tí a ń kọ́ ni ní ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé irú àìsàn awọ ara kan wà tí kì í yọjú ní ọjọ́ tí ohun tí ó fà á kan ara, àti pé pípẹ́ tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó yọjú yìí ni ó ń mú kí a máa dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà

Ní ọdún 1982, agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà ni mo wà, tí mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà náà, ra yẹtí aláwọ̀ góòlù kan ní Ọjà'ba. Yẹtí náà wà ní etí rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin kan tí ó háyà yàrá ní ojúlé kejì sí tiwa di irun fún un. Ìyá Onídìrí ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Àìkú, etí ẹ̀gbọ́n mi ti wú, ó ń yún un, omi ń sun níbẹ̀, ó sì ti ràn dé ọrùn.

Àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bi ọmọ pé ta ni ó fọwọ́ kàn án. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà: Ìyá Onídìrí. Wọ́n ní ó ti fi nǹkan sínú òróró tí ó fi pa á lórí. Ẹnì kan rántí pé òun àti ìyá wa ti ṣe gbólóhùn asọ̀ nídìí omi ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn rántí pé kò bí ọmọbìnrin kankan. Ilé Ìwòsàn ti Yunifásítì, UCH, tí a ṣí ní ọdún 1957, kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n a kò ronú àtilọ síbẹ̀, nítorí pé a gbà pé a ti mọ ẹni tí ó ṣe é. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, obìnrin náà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. Ní ọjọ́ kan náà, nítorí wíwú etí, wọ́n bọ́ yẹtí náà kúrò, wọ́n sì fi òrí pa ojú ibẹ̀. Etí san. Gbogbo agboolé sì fẹnu kò pé lílọ tí obìnrin náà lọ ni ó jẹ́ kí ó san.

2. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àwọn aláró wa, títí kan àwọn tí ó ń ya àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó ti ọdún 1929 wà lára rẹ̀, mọ̀ pé bí kọ́sítíìkì sódà bá kan ọwọ́, yóò jó o. Kò mọ ọmọ, kò mọ àgbà. Bí ó bá ti le tó ni yóò ti jó ni tó. Ṣùgbọ́n ohun kejì yàtọ̀. Ènìyàn mẹ́wàá lè wọ irú yẹtí kan náà, kí mẹ́sàn-án má mọ̀ ọ́n lára rárá, kí ara ẹnì kẹwàá sì kọ̀ ọ́. Kì í ṣe líle yẹtí ni ó fa èyí, bí kò ṣe ohun tí ara ẹni náà ti kọ́ tí ó sì ń rántí.

Ní ọdún 1906 ni Clemens von Pirquet, oníṣègùn ọmọdé kan ní Vienna, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, allergy, láti inú èdè Gíríìkì. Ohun tí ó fẹ́ fi í sọ ni pé ara tí ó bá ti pàdé nǹkan rí kì í ṣe sí i mọ́ bí ó ti ṣe sí i nígbà àkọ́kọ́. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1895, Josef Jadassohn, oníṣègùn awọ ara ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti fi hàn pé a lè mú ohun tí a fura sí, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí awọ ara ti dá ṣáṣá, kí a sì ní sùúrù láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ìdánwò yìí ni àwọn dókítà ṣì ń lò. Ẹ̀yìn aláìsàn ni wọ́n ń lẹ àwọn nǹkan náà mọ́. Wọn yóò ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọn yóò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye ọjọ́ yẹn sọ́kàn.

Báwo ni ara ṣe ń kọ́ láti kọ nǹkan? Ẹ jẹ́ kí a fi irin tí à ń pè ní nickel ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó sábà máa ń wà nínú ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú lábẹ́ àwọ̀ góòlù. Òógùn ara a máa wẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde, èyí yóò sì wọ inú awọ lọ, yóò so mọ́ èròjà ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ tí Paul Langerhans ṣàpèjúwe ní ọdún 1868, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin. Iṣan ìmọ̀lára ni òun tilẹ̀ rò pé wọ́n jẹ́. Lónìí a mọ̀ pé alóre ni wọ́n. Wọn a gbé ìròyìn àlejò náà lọ sí àwọn kókó tí ó wà ní ọrùn, ní abíyá àti ní ìtan. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó jẹ́ ọmọ-ogun ara ti ń kọ́ bí wọn yóò ṣe dá a mọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí lè gba ọjọ́ mẹ́wàá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ; ní gbogbo àkókò náà, kò sí àmì kankan lójú awọ. Nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, wọn kì í sábà gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn: bí irin náà bá tún kan ara lónìí, ó lè di ọ̀la tàbí ọ̀túnla kí wọ́n tó dé, kí ara tó wú.

Ní ọdún 1942, Karl Landsteiner, ẹni tí ó ṣàwárí ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀, àti Merrill Chase fi ìdí èyí múlẹ̀. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára ẹran ìwádìí kan tí ara rẹ̀ ti kọ nǹkan, wọ́n fi í sára òmíràn tí kò rí nǹkan náà rí, ara ẹran kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Omi ẹ̀jẹ̀ nìkan kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí a má baà ṣì í mú, irú mìíràn wà tí kì í pẹ́ rárá. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé lè jẹ ẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wú kí ó tó jẹun tán. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ṣe èyí ni Kimishige àti Teruko Ishizaka ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Johansson àti Bennich ní Sweden, ṣàwárí láàárín ọdún 1966 sí 1967. Ẹni tí edé bá mú mọ ohun tí ó mú òun. Ẹni tí yẹtí mú kò mọ̀.

3. Ìdí tí ẹ̀sùn fi rọrùn

Ibí yìí ni mo ti padà sí ilé tèmi. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ìbéèrè inú rẹ̀ kò nílò ìdáhùn. Mo ní kí a dáhùn rẹ̀ lónìí. Èmi ni n kò mọ̀. Ìtàn sísọ ti kọ́ wa láti gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá ni ó bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lónìí, àti pé ìtàn kò parí títí a ó fi rí ọ̀daràn mú. Nínú àlọ́, kò sí ewu níbẹ̀. Nínú agboolé, ènìyàn ni ó ń di ẹrù.

Síbẹ̀, èdè wa kò ṣàìní ọ̀nà mìíràn. À ń sọ pé, “Ara mi kọ̀ ọ́.” À ń sọ pé, “Kò bá mi lára mu.” Nínú gbólóhùn wọ̀nyí, ẹni méjì ni ó wà: èmi àti nǹkan náà. Kò sí ẹnì kẹta tí a ó mú. Bákan náà ni èèwọ̀. Ẹran tí ìdílé kan kì í jẹ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìdílé kejì, kò sì sí ẹni tí ó ń pe ẹran náà ní májèlé. Èmi kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n o. Ohun tí ó jọ ohun ni a fi ń wé ohun. À ń jogún èèwọ̀ lọ́wọ́ baba. Ara kíkọ irin, ara ni ó ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lóye èèwọ̀ kò níláti rìn jìnnà kí ó tó lóye èkejì.

4. Ohun tí ó tẹ̀lé e

Ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Ní ọdún 1997, ara rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀: ní ọrùn ọwọ́ lábẹ́ aago, àti nísàlẹ̀ ìdodo níbi tí bọ́tìnnì irin ṣòkòtò ti ń kan ara. Dókítà kan lẹ nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú ibi tí nickel wà ti pọ́n, ó ti wú. Ó wá bá mi nílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó fẹ́ sọ. Ohun tí ó sọ ni pé, “Àbúrò mi, a kàn lé Ìyá Onídìrí lásán ni.”

Mo wá obìnrin náà. Ó ti kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni mo rí ní Ọjà'ba, nídìí ìsọ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Màmá sọ ọ́ títí wọ́n fi kú pé àdín àgbọn lásán ni àwọn fi pa ọmọ yẹn lórí.”

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Ní ọdún 1985, Yétúndé Mercy Ọlúmìdé, oníṣègùn awọ ara ní Èkó, tẹ ìwádìí jáde lórí irú àìsàn yìí ní Nàìjíríà. Ohun tí òfin lè ṣe sì ti hàn. Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de nickel inú ọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n wà ní ìṣọ̀kan sì ṣe tiwọn ní ọdún 1994. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọbìnrin tí ara wọn kọ̀ ọ́ ní Denmark dín kù. Ní tiwa, ẹni tí ń ta yẹtí kì í sábà mọ irin tí ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni làálì. Ewé làálì fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe ni ní nǹkan. Kẹ́míkà aró irun tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn kí ó lè dúdú kíákíá ni ara púpọ̀ ń kọ̀.

Àgbálọgbábọ̀ ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Bí ara ọmọ bá wú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ẹ má sì bèèrè pé ta ni ó fọwọ́ kàn án. Ẹ bèèrè pé kí ni ó kàn án. Ẹ má sì dúró lórí ohun àná. Ẹ bèèrè ti ìjẹta, ẹ bèèrè ti ohun tí ó ti wà lára rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn náà wà ní etí ọmọ níbi tí gbogbo wa ti ń wò ó. A kò lè dá yàrá Ìyá Onídìrí padà fún un mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣì ń háyà yàrá ní Bẹyẹrúnkà, wọ́n sì ń dirun fún ọmọ ọlọ́mọ.