Ìwé Ọdẹ Inú Igbó: Kí ni kí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Mú Níbẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó kọ́ ẹ̀dá ní ohun tí kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. 

Ẹgbẹ́ òǹkàwé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ yan Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé D.O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938. Ó di àríyànjiyàn. Bàbá kan ní kí ẹ dáná sun ún nítorí iwin àti ọfọ̀ inú rẹ̀. Àwọn kan nínú yín fèsì pé ìtàn lásán ni. Wọ́n ní kí n wá dá sí i. Adájọ́ kì í dá ẹjọ́ tí kò gbọ́, nítorí náà mo jókòó, mo ka ìwé náà tán. Inú mi dùn sí i, inú mi kò sì dùn sí i.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Súrátùl Máídà kọ́ wa pé kí ìkórìíra má ṣe gbé wa kúrò lórí ẹ̀tọ́. Kìrìsìtẹ́nì ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ yìí ni ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́ yìí náà ni ó ti ń kọ́ ọmọ nígbà tí ìwé náà jáde. Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe wáàsí fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní Akẹ̀sán tàbí ní Tákìé, tí ó wá ń wá Yorùbá tì, ta ni yóò dúró gbọ́ ọ? Ìmọ̀ràn tí Ìrágbèje sì gbà wọ́n ní Òkè Láńgbòdó lórí ọmọ àti òbí, Mùsùlùmí kò ní bá a jà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ oògùn. Kùránì náà sọ ìtàn àwọn onídán Fíríáónà. Kíka ìtàn idán kò sọ ènìyàn di onídán. Ṣùgbọ́n nínú Kùránì, idán pòfo níwájú òdodo. Nínú ìwé yìí, ọdẹ a máa ké pe Ọlọ́run, a sì tún máa pe ọfọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kírun tán, ońdè sì ń bẹ lábẹ́ ẹ̀wù.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Nígbà tí Kàkó fẹ́ bá wọn lọ, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ó yọ àdá, ó pa á. Wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ láti wá ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú! Ẹ̀yin ń jà lórí iwin, bàbá ń bínú sí ọfọ̀, kò sí ẹni tí ó dárúkọ obìnrin náà. Iwin kò sí ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ń na ìyàwó rẹ̀ tán tí ó tún ń sáré wá sí sààfù iwájú ń bẹ.

Nítorí náà, ẹ má sun ìwé. Ẹ kà á, kí ẹ sì pe bàbá yẹn wá jókòó láàárín yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá tún pàdé, ọ̀rọ̀ obìnrin náà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Kí Ọlọ́hun là wá lójú sí òtítọ́, kí Ó sì fún wa lágbára láti tẹ̀ lé e. Àmín.