Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Tó Kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì Òwò Jáde ní Ládìpọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde lónìí ń wọ ọjà tí òwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti sọ di olókìkí jákèjádò Nàìjíríà, nítorí pé Ládìpọ̀, ní agbègbè Mushin, ni àwọn mẹkáníìkì àti oníṣòwò láti ìlú mìíràn ti ń wá ra ẹ́ńjìnnì, jíà àti iná ọkọ̀, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀. Yorùbá, Ìgbò àti píjìn ni wọ́n fi ń ná ọjà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó nílò ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó mọ ìdúnàádúrà. Ìwé tó ń tẹ̀lé ìdúnàádúrà ni ẹ̀kọ́ tó parí yìí wà fún, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, òun náà sì ni báǹkì, aṣọ́bodè àti ilé ẹjọ́ máa ń béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú.

Ẹni tó já kọ̀ǹténà ní èbúté Àpápá tàbí Tin Can, tó sì ń ta ọjà inú rẹ̀ lódidi fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ni wholesaler. Ẹni tó ń tà á ní ẹyọ ẹyọ fún onímọ́tò ni retailer, àwọn alágbàtà sì wà láàárín. Èrè wọn ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Páàdì bíréèkì tí wọ́n rà ní ₦8,000, tí wọ́n tà ní ₦10,000, mú èrè ₦2,000 wá, èyí tó jẹ́ ìdá 25 nínú 100 iye tí wọ́n rà á, tó ń jẹ́ markup, tó sì jẹ́ ìdá 20 péré nínú 100 iye tí wọ́n tà á, tó ń jẹ́ margin. Oníṣòwò tó bá fi èkíní pe èkejì, tó wá gé ìdá 22 kúrò nínú iye títà fún oníbàárà, ₦7,800 ni yóò gbà, owó ọjà fúnra rẹ̀ kò sì pé mọ́.

Quotation ni ìwé tí olùtà fi dá iye lé ọjà. Proforma invoice ni èyí tó ń ṣáájú ìsanwó, tí báǹkì sì máa ń béèrè pẹ̀lú Form M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fẹ́ kó ọjà wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Invoice ń béèrè owó, rìsíìtì sì ń jẹ́rìí pé a ti san án. Nínú àwọn òfin Incoterms, tí àjọ International Chamber of Commerce kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1936, FOB túmọ̀ sí pé ewu ọjà di ti olùrà nígbà tí ọjà bá ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi, CIF sì fi owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò kún iye tí olùtà dá lé e. Àṣìṣe ńlá ni láti gbà pé lábẹ́ CIF, olùtà ló ni àdánù títí ọjà yóò fi gúnlẹ̀ sí Àpápá. Láti èbúté tí ọjà ti gbéra ni ewu ti wà lọ́rùn olùrà, tí ẹ́ńjìnnì bá sì bàjẹ́ lójú agbami, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni yóò dojú kọ.

Ọ̀ràn tòkunbọ̀ ló sún mọ́ Ládìpọ̀ jù lọ. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ pàṣẹ pé kí oníṣòwò fi hàn gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe, ó sì tún ní kí wọ́n fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Ìwé tó kàn sọ pé “jíà kan” kò gbèjà olùtà, kò sì gbèjà olùrà. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ yìí ni pé kí wọ́n kọ ipò ọjà sí i, bóyá tuntun, àlòkù tàbí àtúnṣe, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí a lè fi dá a padà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹ̀yà náà pé pérépéré, nítorí pé nínú nọ́ńbà mẹ́wàá tí Toyota sábà máa ń lò, márùn-ún àkọ́kọ́ ló ń sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, ìyókù ló sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó jọ ọ́.