Bí Ohun Tí Ń Rìn Ṣe Ń Hàn sí Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísìmù

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ kan wà tí ojú rẹ̀ là kedere, ṣùgbọ́n tí ohun tí ń lọ tí ń bọ̀ kì í hàn sí i bí ó ti ń hàn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo mú wá.

Ọ́tísìmù ni orúkọ tí à ń pe ipò náà. Leo Kanner, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1943 nínú ìròyìn tí ó kọ nípa ọmọ 11. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn láti máa yí nǹkan bírípé-bírípé. Ní 1978, Victor Lotter tẹ ìròyìn jáde nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára ilẹ̀ tí ó yẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń rí ohun tí ń rìn? Ojú nìkan kọ́ ni ó ń ṣe é. Ojú a gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ọpọlọ a sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo Ọjà Ọba ní Ìlọrin níhìn-ín ní ìrọ̀lẹ́: ọlọ́kadà, alágbàárù, oníkiri, olúkúlùkù gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọpọlọ ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí ó ń sọ fún wa pé èyí ń bọ̀, tọ̀hún ń lọ.

Láti nǹkan bí 2000 ni àwọn aṣèwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi àmì kéékèèké tí ń rìn lójú kọ̀ǹpútà dán àwọn ọmọ wò. Díẹ̀ nínú àmì náà ń lọ sí apá kan náà, ìyókù ń rìn káàkiri. Kí àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù tó lè mọ apá ibi tí wọ́n ń lọ, àmì tí ó jọ ń rìn ní láti pọ̀ ju èyí tí ó tó ẹgbẹ́ wọn lọ. Síbẹ̀, ní 2013, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nígbà tí ilà dúdú àti funfun bá rìn fìrí, irú àwọn ọmọ yìí a máa yára mọ apá ibi tí ó lọ ju àwọn yòókù. Nítorí náà, kì í ṣe àìríran. Ìríran tí ó yàtọ̀ ni.

Ní 2009, Ami Klin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ó dúró fún oríkèé ara ènìyàn han àwọn ọmọ ọdún méjì. Àwọn ọmọ yòókù tẹjú mọ́ èyí tí ń ṣe bí ènìyàn, wọn kò ka èyí tí a dorí rẹ̀ kodò sí. Àwọn tí ó ní ọ́tísìmù kò fi ọ̀kan ṣe ààyò. Ṣùgbọ́n níbi tí ìrìn ìmọ́lẹ̀ bá ti bá ìró mu, bí ìgbà tí àtẹ́wọ́ bá dún, ibẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ẹ wá wò ó bí à ń ṣe tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa. Ìyá a ṣẹ́jú, ọmọ a dìde. Olùkọ́ a juwọ́, kíláàsì a pa lọ́lọ́. Ọmọ tí àmì náà kò yé, a ó pè é ní olóríkunkun, a ó sì fa pàṣán yọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì túmọ̀ ni a ń nà án sí.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe? Kí ó rọra máa ṣe é. Ní 2011, Bruno Gepner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé nígbà tí a bá dẹ ìrìn ojú àti ara ènìyàn lọ́wọ́ nínú àwòrán, ọmọ tí ọ́tísìmù rẹ̀ le a túbọ̀ lè ṣe àfarawé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àmì ọwọ́ máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ ẹnu máa bá a rìn, kí a sì fún ọmọ ní àyè láti dáhùn. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ó bá fẹ́ sọdá títì. Bí ó bá sì ń yí ìdérí ìgò, ẹ má ṣe já a gbà. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Kí òbí tí ó bá fura tètè mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọmọdé, kí olùkọ́ sì fi pàṣán sílẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tí ọmọ náà ń rí.